ṢÚÌṢÌ FÁÀNÙ ILÉ ÌWẸ̀: Ẹ PA INÁ FÚNRA YÍN KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KAN WÁYÀ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé àgbẹ̀ sọ ní ìpàdé wọn

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ irúgbìn, ajílẹ̀, oògùn kòkòrò àti ọjà títà ni a sábà máa ń sọ nígbà tí a bá pé jọ báyìí. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó bá ti oko dé, ilé ni yóò wọ̀. Bí ewu bá sì wà nínú ilé, èrè oko lè má dé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a fi òní yìí sọ̀rọ̀ nípa iná mànàmáná, pàápàá jù lọ nípa ohun kékeré kan tí a máa ń fi ojú yẹpẹrẹ wò: ṣúìṣì tí a fi ń tan fáànù ilé ìwẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Èmi kò ní fáànù nínú ilé ìwẹ̀ tèmi." Kò burú. Bí ó bá ní gílóòbù kan ṣoṣo níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn án, nítorí pé bákan náà ni ṣúìṣì gílóòbù àti ti fáànù rí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà bàjẹ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà pa ènìyàn.

IṢẸ́ TÍ FÁÀNÙ NÁÀ Ń ṢE

Láyé àtijọ́, ẹ̀yìnkùlé ni a ń wẹ̀ sí. Atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀, oòrùn ń ràn síbẹ̀, omi tó dà sílẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ. Lónìí, àwọn kan nínú wa ti kọ́ ilé tàbí kí wọ́n háyà ilé tí ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ wà láàárín iyàrá. Nígbà mìíràn kò sí fèrèsé kankan níbẹ̀. Bí a bá fi omi gbígbóná wẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ooru omi náà kò ní rí ọ̀nà gbà jáde. Yóò lẹ̀ mọ́ ògiri àti àjà, ọ̀dà yóò máa bó, ògiri yóò sì bu bí àgbàdo tí a kó sínú àká láìjẹ́ kí ó gbẹ. Nítorí náà ni àwọn kọ́lékọ́lé ṣe ń dá ihò sí ògiri, tí wọ́n ń fi fáànù kékeré síbẹ̀ láti máa fa ooru àti òórùn jáde síta.

Fáànù náà dára, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ibi tí omi pọ̀ sí jù nínú ilé ni a gbé iná lọ yìí. Ṣúìṣì rẹ̀ ni ọwọ́ wa sì ń kàn lójoojúmọ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọṣẹ àti omi lọ́wọ́.

ÌDÍ TÍ ILÉ ÌWẸ̀ FI LÉWU JU IYÀRÁ LỌ

Iná tó ń wọ ilé wa ní Nàìjíríà tó fóòtì 230. Àwọn àgbà oníṣẹ́ ṣì ń pè é ní 240. Ara ènìyàn tó gbẹ máa ń dí iná lọ́wọ́ díẹ̀. Ara tó tutù kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i. Ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì tó tutù sì ń ṣí ọ̀nà fún iná láti gba ara ènìyàn kọjá wọ inú ilẹ̀. Ẹni tí iná gbọ̀n díẹ̀ ní pálọ̀ tí ó sì fi í ṣe ẹ̀rín, bí ó bá jẹ́ inú ilé ìwẹ̀ ni ó ti fọwọ́ kan wáyà kan náà, ó lè má dìde mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Áńpù ni a fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ti pọ̀ tó. Bí a bá pín áńpù kan sí ọ̀nà 1,000, 30 péré nínú rẹ̀ tó láti dá ìmí ènìyàn dúró bí ó bá gba àyà rẹ̀ kọjá. Fáànù ilé ìwẹ̀ tó ń lo wáàtì 30 ń gba bí 130 nínú 1,000 náà. Èyí túmọ̀ sí pé iná tó ń yí fáànù kékeré yẹn ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tó lè ṣekú pa ènìyàn lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Fáànù kékeré lásán ni, kí ni ó lè ṣe?"

Àwọn mìíràn gbójú lé fíúsì. Wọ́n ní fíúsì yóò já bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Fíúsì áńpù 5 kò ní já títí iná tó ń kọjá nínú rẹ̀ yóò fi ju áńpù 5 lọ. Ìyẹn sì ju ohun tó ń pa ènìyàn lọ ní ìlọ́po tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáadáa: wáyà ni fíúsì ń ṣọ́ kí ó má baà gbóná kí ó sì jó ilé. Kì í ṣe ènìyàn ni ó ń ṣọ́.

BÍ A TI Í MỌ̀ PÉ ṢÚÌṢÌ TI BÀJẸ́

Inú ṣúìṣì kò ṣòro láti mọ̀. Irin kékeré méjì ni ó wà níbẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á kan ara wọn, iná á sì kọjá. Bí a bá tún un tẹ̀, wọ́n á pínyà. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń pàdé tàbí tí wọ́n bá ń pínyà, iná kékeré máa ń ta láàárín wọn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, irin náà á jẹ, á sì dúdú. Ooru ilé ìwẹ̀ á mú un dípẹtà. Èèrà, aláǹgbá kéékèèké àti agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé náà sì lè wọ inú àpótí rẹ̀.

Àwọn àmì tí ẹ ó rí nìwọ̀nyí. Ṣúìṣì náà lè máa mì, kí ó má dúró síbi tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. Ó lè máa dún ṣíì bí epo tó ń dín nǹkan. Ó lè gbóná bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbígbẹ kàn án, tàbí kí ẹ gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó. Ojú rẹ̀ lè dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Fáànù lè máa yí lónìí kí ó má yí lọ́la, tàbí kí ó jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ lù ú kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ má ṣe tẹ ṣúìṣì náà mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ni ẹ sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ òórùn náà, nítorí ẹ̀yin ni ẹ ń wẹ àwọn ọmọ. Ẹ má ṣe fi í pamọ́, ẹ má sì jẹ́ kí bàbá ilé sọ pé yóò di ìgbà tí a bá kórè tán.

"INÁ TI LỌ" KÌ Í ṢE "INÁ TI KÚ"

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí.

Ní 1972 ni ìjọba àpapọ̀ da ilé-iṣẹ́ méjì pọ̀ tí wọ́n sì di NEPA. Ní 2005, NEPA di PHCN. Ní 2013, wọ́n fi iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ ti yí padà nígbà mẹ́ta, síbẹ̀ ohun tí a ń wí lẹ́nu wa kò yí padà: "NEPA ti mú iná lọ." Bí iná bá sì ti lọ báyìí, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń rántí ohun tó bàjẹ́ nínú ilé. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí n tètè tún un ṣe kí wọ́n tó mú iná dé." Ẹ̀yin ará mi, kò sí ìgbà tó léwu ju ìgbà yẹn lọ láti fọwọ́ kan wáyà.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó mú iná lọ kò mọ̀ pé ọwọ́ yín wà lára wáyà. Nígbà tó bá wù ú ni yóò dá a padà. Kò ní lu agogo, kò ní ránṣẹ́. Bí ó bá dá a padà nígbà tí ìka yín wà lára bàbà wáyà, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ìmọ́lẹ̀ tí kò sí nínú ilé kò sọ fún wa pé wáyà ti kú. Ó kàn ń sọ pé wáyà ń sùn ni. Ejò tó ń sùn, ejò náà ni.

Ewu kejì ni ti jẹnẹrétọ̀. Aládùúgbò lè tan tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ti fi wáyà olórí méjì ki iná jẹnẹrétọ̀ bọ inú sókẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń ṣe, iná náà lè gba ẹ̀yìn wọ gbogbo wáyà ilé, kí ó sì tún jáde sí òpó. Ó lè pa ẹni tó wà nínú ilé, ó sì lè pa òṣìṣẹ́ tó ń tún òpó ṣe níta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú àṣà yẹn pátápátá. Ṣénjọ́fà ni ó yẹ kí a fi ya iná òpó sọ́tọ̀ kúrò lára iná jẹnẹrétọ̀.

Ewu kẹta ni ìnfátà àti iná oòrùn tí a ń pè ní sólà. Ìnfátà kì í pariwo. Bí iná òpó bá lọ, òun fúnra rẹ̀ á bọ́ sí iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè pa ṣúìṣì àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, kí ẹ rò pé ilé ti kú, kí iná bátìrì sì wà nínú wáyà ilé ìwẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, ilé tó bá ní ọ̀nà mẹ́ta tí iná ń gbà wọlé, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ó tì. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn iwájú tí ẹ sì ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀, olè kò ní bínú.

OHUN TÍ Ẹ Ó RÀ ÀTI OHUN TÍ Ẹ Ó KÓ JỌ

Kí ẹ tó lọ sí ọjà, ẹ wo irú ṣúìṣì tó wà lára ògiri. Ẹ wo iye bọ́tìnnì rẹ̀ àti bí ìdè méjì tó dè é mọ́ ògiri ti jìnnà sí ara wọn tó, kí ẹ má baà ra èyí tí kò ní bá àpótí rẹ̀ mu. Ẹ wá èyí tí a kọ áńpù 10 àti fóòtì 250 sí lára. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò: ṣúìṣì tó fúyẹ́ bí epo ẹ̀pà, tí ìdè rẹ̀ ń yọ̀ tí kò sì mú wáyà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Owó tí ẹ ó fi kún un láti ra ojúlówó kò tó owó àyẹ̀wò kan ní ọsibítù.

Ẹ kó súkúdíráfà tí rọ́bà bo èèkù rẹ̀ dáadáa jọ, pẹ̀lú púláyà, téèpù dúdú, tọ́ọ̀ṣì, pépà àti bírò, àti ohun tí a fi ń dán iná wò tí a ń pè ní tẹ́sítà. Tẹ́sítà olórí kan, tó dà bí súkúdíráfà tí gílóòbù kékeré wà nínú rẹ̀, máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè tan ènìyàn jẹ: bí ẹ bá wọ bàtà rọ́bà tó nípọn, ó lè má tàn dáadáa bí iná tilẹ̀ wà. Tẹ́sítà olórí méjì ni ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ TI Ń LỌ

Èkínní, ẹ ṣe é ní ọ̀sán gangan. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, ẹ wọ bàtà, ẹ sì rí i pé ọwọ́ yín gbẹ.

Èkejì, ẹ sọ fún gbogbo ará ilé. Ọmọ tó bá rí i pé ilé ṣókùnkùn lè lọ tan ṣúìṣì àgbà láti ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ fi àgbàlagbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣúìṣì àgbà náà kí ó máa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ tó pa iná, ẹ fi tẹ́sítà kan sókẹ́ẹ̀tì kan tí ẹ mọ̀ pé iná wà nínú rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé tẹ́sítà náà ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí iná òpó ní àkókò náà, ẹ dán an wò nílé aládùúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pa iná fúnra yín. Ẹ pa ṣúìṣì àgbà. Bí fíúsì tí a lè fà yọ bá wà nínú àpótí fíúsì ilé, ẹ fà á yọ, kí ẹ sì fi í sínú àpò ṣòkòtò yín. Fíúsì tó wà lápò ẹni kò sí ẹni tó lè dá a padà lẹ́yìn ẹni. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú. Ẹ pa ìnfátà, kì í ṣe láti ara bọ́tìnnì iwájú rẹ̀ nìkan. Ẹ pa búrékà tó ń gbé iná rẹ̀ wọ ilé. Èdìdì tó wà lára mítà àti fíúsì ńlá tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ oníná, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ tú ìdè méjì tó wà lójú ṣúìṣì, kí ẹ rọra fà á síwájú láìfọwọ́ kan wáyà. Ẹ fi tẹ́sítà kan ojú ìdè kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún gbé tẹ́sítà náà lọ sí ibi tí iná wà, bí ilé aládùúgbò, kí ẹ rí i pé kò tíì kú láàárín kan. Ìgbà tí ó bá fi hàn pé iná kò sí lára ṣúìṣì, tí òun fúnra rẹ̀ sì ṣì ń ṣiṣẹ́, ìgbà náà nìkan ni ẹ lè fọwọ́ kan wáyà.

Ẹ̀kẹfà, ẹ ya àwòrán bí wáyà kọ̀ọ̀kan ti wà sórí pépà, kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀. Nínú ilé tó ti pẹ́, pupa ni wáyà tí iná ń bá wá, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní láìfù. Dúdú ni èyí tí iná ń bá padà, tí wọ́n ń pè ní núútà. Àwọ̀ ewé, tàbí àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìlà yẹ́lò, sì ni wáyà ilẹ̀. Àwọn ará Bíritéènì yí àwọ̀ wáyà ilé wọn padà ní 2004: àwọ̀ igi rọ́pò pupa, búlúù sì rọ́pò dúdú. Oríṣi méjèèjì ni ẹ ó rí ní ọjà wa, nígbà mìíràn nínú ilé kan ṣoṣo. Ohun mìíràn tún wà tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Nínú àpótí ṣúìṣì, wáyà dúdú sábà máa ń jẹ́ èyí tó ń gbé iná lọ sí fáànù. Bí ṣúìṣì bá wà ní títàn, wáyà dúdú yẹn láyè bí pupa ṣe láyè. Dúdú nínú ṣúìṣì kì í ṣe núútà.

Èkeje, ẹ tú wáyà kọ̀ọ̀kan kúrò lára ṣúìṣì àtijọ́, kí ẹ sì fi í sí ojú kan náà lára tuntun. Ṣúìṣì lásán ní ojú méjì. Èyí tí a kọ COM, L1 àti L2 sí ní ojú mẹ́ta. Fún fáànù tó ní ṣúìṣì kan ṣoṣo, COM àti L1 ni ẹ ó lò. Bí orí wáyà bá ti jó dúdú, ẹ gé e kúrò, kí ẹ bó rọ́bà rẹ̀ bí ìwọ̀n ìdajì ìka. Ẹ de ìdè rẹ̀ le, kí ẹ sì fa wáyà náà díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó dúró. Bàbà kankan kò gbọ́dọ̀ hàn lẹ́yìn ojú ìdè. Wáyà tí a dè tí kò le ni ó máa ń gbóná, òun náà ni ó ń jó ilé lóru.

Ẹ̀kẹjọ, bí àpótí tó wà nínú ògiri bá jẹ́ irin, ẹ rí i pé wáyà ilẹ̀ dè mọ́ ọn. Ẹ má ṣe gé wáyà ilẹ̀ sọnù nítorí pé ẹ rò pé kò níṣẹ́. Bí wáyà kan bá bó tó sì kan irin náà, ọ̀nà tí wáyà ilẹ̀ bá ṣí ni iná yóò gbà lọ, kì í ṣe ara ọmọ yín.

Ẹ̀kẹsàn-án, ẹ ká wáyà padà sínú àpótí pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ de ojú ṣúìṣì mọ́ ògiri, kí ẹ kó irinṣẹ́ kúrò. Ìgbà náà ni kí ẹ tó dá fíúsì padà, kí ẹ sì tan iná. Ẹ tan fáànù, kí ẹ jẹ́ kí ó yí fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbígbẹ kan ojú ṣúìṣì. Bí ó bá tutù, tí kò dún, iṣẹ́ ti parí.

IBI TÍ ṢÚÌṢÌ YẸ KÓ WÀ

Bí ṣúìṣì bá wà nínú ilé ìwẹ̀ níbi tí omi ti lè ta sí i, kì í ṣe ohun tó yẹ kí a pààrọ̀ síbẹ̀ nìkan, ó yẹ kí a gbé e kúrò. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níta ilé ìwẹ̀, ni ibi tó dára jù fún un, kí ẹni tó ń wọlé tàn án kí ó tó fọwọ́ kan omi. Ní Bíritéènì, níbi tí a ti rí ọ̀pọ̀ nínú òfin wáyà wa, àwọn tó bá fẹ́ ṣúìṣì nínú ilé ìwẹ̀ máa ń lo èyí tó wà lókè àjà, tí a fi okùn tín-ín-rín fà. Okùn ni ọwọ́ tútù ń kàn, kì í ṣe ṣúìṣì. Iṣẹ́ oníṣẹ́ iná ni gbígbé wáyà sí ibòmíràn jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ ó bèèrè fún un.

Bí agbára bá wà, ẹ ní kí oníṣẹ́ fi búrékà tó ń ṣọ́ ènìyàn sínú àpótí fíúsì yín. Èyí yàtọ̀ sí fíúsì. Ó ń wo iná tó jáde àti èyí tó padà. Bí 30 nínú 1,000 áńpù bá sọnù lọ́nà, á já kí ènìyàn tó lè ké.

ÌGBÀ TÍ Ẹ Ó JÁWỌ́ TÍ Ẹ Ó PE ONÍṢẸ́

Àgbẹ̀ tó gbọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí ó pe ẹni tó mọ̀ ju òun lọ. Bí ẹ bá bá omi nínú àpótí, bí rọ́bà wáyà bá ti yọ́ wọ inú ògiri, bí wáyà bá pọ̀ ju èyí tí a ti sọ lọ, tàbí tí fáànù náà jẹ́ irú èyí tó máa ń yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa gílóòbù, ẹ bo ojú ṣúìṣì padà, kí ẹ jẹ́ kí iná ẹ̀ka náà wà ní pípa, kí ẹ sì pe oníṣẹ́. Bákan náà, bí ẹ bá pa ṣúìṣì tí tẹ́sítà sì ń fi hàn pé iná ṣì wà lára fáànù, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó fa wáyà ti gbé ṣúìṣì sórí núútà dípò láìfù. Kò sí ìgbà tí irú fáànù bẹ́ẹ̀ kú pátápátá. Oníṣẹ́ ni kí ó tún un ṣe.

Ẹ bèèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá pè. NEMSA ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún àwọn agbaṣẹ́ṣe iná ní ìwé-ẹ̀rí. Àwa tí a jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ tí a ti ń ṣe oko, ẹ má ṣe jẹ́ kí èdè dí yín lọ́wọ́: ní ilẹ̀ Hausa, "mai gyaran wuta" ni ẹ ó bèèrè. Bí ilé bá sì jẹ́ ti onílé, ẹ sọ fún un kí ẹ tó tú nǹkan kan. Ṣúìṣì tó jó jẹ́ ẹjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má sì máa fi ẹ̀mí ọmọ yín dúró dè é.

BÍ INÁ BÁ MÚ ÈNÌYÀN

Ẹ má ṣe fọwọ́ fà á. Ẹni tó bá fọwọ́ fa ẹni tí iná mú, iná yóò mú òun náà. Ẹ sáré pa iná ní ṣúìṣì àgbà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró lórí ohun gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ, bí ọmọ odó tí kò tutù, tàbí àga oníke, tì í kúrò lára wáyà. Ẹ má ṣe da omi sí i lára. Ẹ má ṣe fi epo pupa pa á, ẹ má sì rọ mílíìkì sí i lẹ́nu.

Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ kó ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kí ó wọlé tó bí ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ti kọ́ ọ lè fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu ní ìgbà 2 lẹ́yìn ìtẹ̀ 30. Kí ẹlòmíràn pe 112, kí wọ́n sì wá ọkọ̀. Bí ó bá tilẹ̀ dìde tó ní ara òun le, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, nítorí iná lè ba ọkàn jẹ́ láìsí ọgbẹ́ kankan lójú ara.

Ẹ̀yin ará mi, a kò kúrò nílé wá sí ọ̀nà jíjìn láti wá fi ẹ̀mí wa san owó ṣúìṣì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá ti ibí dé ilé, ẹ lọ wo ṣúìṣì ilé ìwẹ̀ yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ kó gbogbo ará ilé jọ, kí ẹ fi ṣúìṣì àgbà han ọmọ tó bá ti lè dé e, kí ẹ sì kọ́ wọn ní ohun mẹ́ta yìí bí ẹ ti ń kọ́ wọn ní òǹkà: Pa á fúnra rẹ. Dán an wò. Lẹ́yìn náà ni kí o tó fọwọ́ kàn án.

Àṣèyè ni a ó ṣe oko wa, ilé wa kò ní jó, iná kò ní mú ẹnikẹ́ni nínú wa.